Èsì: “rọ́ọ̀kì ọlọ́ṣọ́” kọ́ o, rọ́ọ̀kì ọlọ́ṣọ̀ọ́ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n fi ojú ìwé àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ Àìkú: ìpolówó àwo Slade, ẹgbẹ́ olórin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti inú ìwé ìròyìn orin ti 1973, nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo Polydor gbé Cum On Feel the Noize jáde. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí àwọn ń kọ́ ní Yorùbá ni àwọn fẹ́ fi hàn. Iṣẹ́ ńlá ni, Ọlọ́run á fún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa: “Ẹ wá gbọ́ ariwo! Àwo ẹlẹ́yọ tuntun láti ọwọ́ Slade, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ọlọ́ṣọ́.” “Single” ni wọ́n pè ní àwo ẹlẹ́yọ, “glam rock” ni wọ́n pè ní rọ́ọ̀kì ọlọ́ṣọ́.

Ọlọ́ṣọ́ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀?

Ọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Tí “oní” bá pàdé rẹ̀, fáwẹ́lì yẹn lè sọnù, ohùn rẹ̀ kì í sọnù. Yóò lọ jókòó síwájú ohùn òkè tó gbẹ̀yìn, a ó sì fà á: ọlọ́ṣọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ṣe di ọlọ́pàá, tí ẹ̀fọ́ di ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ta ló ń sá fún “ọlọ́pá”? Ọ̀nà tó di ọlọ́nà tí ẹ fi gbe ara yín lẹ́sẹ̀ kò bá èyí tan, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ló parí ọ̀nà, kò sí òkè kankan níbẹ̀ tí a ó fà.

Bó bá jẹ́ ohùn nìkan ló bàjẹ́, ǹ bá fọwọ́ bò ó. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé àwọn ọmọ lọ. Ẹ sọ “ọlọ́ṣọ́” sí ọmọ ogún ọdún létí ní Èkó, aṣẹ́wó ni yóò rò pé ẹ ń bú, nítorí “olosho” ni ìgboro ń pè é báyìí. Ẹ tún gbàgbé àmì abẹ́ ọ, ó di olóṣó, oṣó ti wọ̀ ọ́. Ní 1973 yẹn kan náà, ẹgbẹ́ kan wà láti Birmingham tó ń jẹ́ Wizzard, ti Roy Wood, àwọn tí See My Baby Jive wọn dé ipò kìíní lórí àtẹ àwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn yẹn ni ẹ lè pè ní oṣó, orúkọ tí wọ́n fún ara wọn ni. Ti Slade yàtọ̀. Noddy Holder, akọrin wọn, dé fìlà gogoro tó lẹ dígí mọ́. Dave Hill, onígìtá wọn, wọ aṣọ tó ń kọ mànà bíi fàdákà, pẹ̀lú bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga fíofío. Ọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Àwo tó sì wọ ipò kìíní lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sórí àtẹ, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ìgbà Beatles ní 1969, ọ̀rọ̀ eébú kọ́ ló yẹ ká fi júwe àwọn tó kọ ọ́.

(Mo mọ̀ pé Bàbá wa tó wà ní Ìkirè yóò ní ẹ̀ṣọ́ ló tọ̀nà. Mo ti gbọ́ tiwọn. Èmi ò fẹ́ ẹ, nítorí bí mo bá ti gbọ́ ẹ̀ṣọ́, ọmọ ogun Ìkòyí ló ń wá sí mi lọ́kàn.)

Ẹ̀gbọ́n ní Slade fúnra wọn kò ka àkọtọ́ sí, kí wá ni ti àmì ohùn. Ibí yìí ló dùn mí jù. Ẹ ka àwọn orúkọ orin wọn: Coz I Luv You, 1971. Take Me Bak 'Ome, 1972. Inú bí àwọn tíṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè ìhà Walsall àti Wolverhampton ni wọ́n ń sọ, wọn kì í pe “h” inú “home” níbẹ̀, ni wọ́n bá kọ 'Ome. Ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn ni wọ́n kọ. Àmì ohùn tí ẹ yọ dànù, ohun tó ń jáde lẹ́nu yín nílé ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi Slade, ọlọ́ṣọ̀ọ́ ni yóò kọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Dùgbẹ̀ kò dé yunifásítì. Tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fi ohùn pa ọ̀rọ̀, wọn á gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, ìsọ̀ á pa lọ́lọ́, wọn á ní, “Tún un pè.” Ìgbà tó bá dùn mọ́ wọn létí ni orin ń tó máa lọ. Ẹnu wọn náà ni mo ti gbọ́ “àwo kékeré”, wọn á sì ní ká yí i sí ojú kejì. Orin méjì ló wà lórí rẹ̀! Ojú kejì Cum On Feel the Noize ni I'm Mee, I'm Now, An' That's Orl. Ẹyọ wá dà nínú “ẹlẹ́yọ”?

“Ẹ wá gbọ́ ariwo” dùn létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n “hear” ni Holder kọ́kọ́ fi sínú orúkọ náà kó tó sọ ọ́ di “feel”, torí ó rántí òde eré kan ní 1972 tí ariwo èrò ń lù kìkì láyà rẹ̀. Gbọ́ tiwa gbòòrò, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ohun tó bá ń lu ni láyà, a kì í gbọ́ ọ, ara ló ń wọni. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà jù nù lẹ tún ṣà fún un.

Ti “orin àpáta” tí àbúrò wa ní Àjàṣẹ́ dábàá dípò rọ́ọ̀kì, ìmì jìgìjìgì ni mo gbọ́ nínú rọ́ọ̀kì, n ò gbọ́ òkúta. Ẹ jẹ́ ká gbé e di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n, kó tó di Sátidé tí àwọn ọmọ máa rí i, ẹ bá mi tún un kọ báyìí: “Ẹ wá, kí ariwo ó wọ̀ yín lára! Àwo kékeré tuntun láti ọwọ́ Slade, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ọlọ́ṣọ̀ọ́.” Bí àyè bá há lábẹ́ àwòrán, ẹ yọ “tuntun”. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀ọ́ yẹn.