Irúgbìn wo ló ti kúrò lóko yín láti ìgbà tí ìrànwọ́ ìjọba ti dé? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ oko o. N óò kọ́kọ́ sọ tèmi.

Àgbàdo pupa kan wà tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Kò ga, ṣírí rẹ̀ kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ńṣe ni yóò ká ewé rẹ̀ jọ, tí yóò máa retí. Bí òjò bá dé, á tún bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ètò owó ìrànwọ́ dé, wọ́n ní ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ yóò ra ajílẹ̀ ní ìdajì owó, yóò sì gba irúgbìn àgbàdo háíbírìdì, ìyẹn èyí tí wọ́n bí láti ara oríṣi àgbàdo méjì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni yóò kọ̀? Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tí mo kórè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ètò náà. Inú mi dùn débi pé gbogbo ilẹ̀ mi ni mo fi gbin háíbírìdì lọ́dún kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ rèé: kò sẹ́ni tó ní kí n sọ àgbàdo bàbá mi nù. N kò sì sọ ọ́ nù. Mo rọ ọ́ sínú ike, mo dé e, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, mo ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, n óò gbin díẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn di ọdún márùn-ún. Lọ́dún kẹfà, ètò náà dáwọ́ dúró. Apá mi kò ká ajílẹ̀ mọ́, mo bá ní kí n mú nínú háíbírìdì tí mo kórè, kí n fi ṣe irúgbìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìn ín rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Èyí ga, èyí kúrú, òmíràn kò tilẹ̀ yọmọ. Ìgbà náà ni mo rántí ike mi. Mo ṣí i, kòkòrò ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Mo ṣa ìwọ̀nba tó kù, mo gbìn ín, ẹyọ kan kò hù.

Wọ́n ní ìhòòhò ni àgbàdo ń lọ sóko kó tó kó igba aṣọ bọ̀. Tèmi lọ, kò bọ̀. Ká ní olè ló jí i ni, ì bá wà lóko olè.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́wà:

Tèmi kì í ṣe àgbàdo. Ẹ̀wà kan máa ń gun ìdí àgbàdo mi, elégédé á sì tẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Oògùn koríko wà nínú ẹrù ìrànwọ́ tí wọ́n gbé fún wa. Oògùn yẹn kì í pa àgbàdo, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ní ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èpò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ́n ọn. Nígbà tí wọ́n wá wọn ìkórè mi, wọ́n ní mo ṣe dáadáa, torí àgbàdo nìkan ni wọ́n gbé sórí ìwọ̀n.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin:

Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Ọdún tí mo gba irúgbìn yẹn ni ọdún àkọ́kọ́ tí n kò dín oúnjẹ àwọn ọmọ mi kù kí ìkórè tó dé. Ẹ wo Màláwì: lẹ́yìn ìkórè 2005 tó burú jáì, ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ kékeré ní ìwé tí wọ́n fi ń ra ajílẹ̀ àti irúgbìn àgbàdo ní owó pọ́ọ́kú, àgbàdo sì pọ̀ sí i láàrin ọdún méjì. Ẹni tó yó ló ń rántí àwọ̀ irúgbìn. Ẹ jẹ́ ká máa rọra bú ohun tó gbà wá.

Akọ̀wé nígbà kan rí:

Èmi wà lára àwọn tó ń kọ orúkọ yín sílẹ̀. Mo ti fiṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó fún wa ní àyè kan ṣoṣo fún irè oko, irè mẹ́ta ni wọ́n sì tẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀: àgbàdo, ìrẹsì, sóyà. Obìnrin kan wá. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tó héktà kan. Mo ní, “Màmá, kí lẹ gbìn?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo bá a ka mọ́kànlá kí n tó dá a dúró. Mo ní, “Ẹ mú ẹyọ kan.” Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó mú ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kọ àgbàdo. Bí mẹ́wàá yòókù ṣe pòórá nínú ìwé ìjọba nìyẹn, wọ́n sì wà lóko níbẹ̀, wọ́n ń so. Ẹ̀yìn èyí la tún bi í léèrè ìwé ilẹ̀. Orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wà lórí rẹ̀. Bó ṣe padà sílé láìgba nǹkan kan nìyẹn.

Ẹ má rò pé ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ nìkan ni irú rẹ̀ wà. Láti 1962 ni Yúróòpù ti ní ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ tó pa wọ́n pọ̀. Àjọ tó ń darí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń san tààrà ló ń lọ sọ́wọ́ nǹkan bí ìdá 20 nínú àwọn tó ń gbà á. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: ẹni tó ní héktà méjì gba tirẹ̀, ẹni tó ní irinwó gba èyí tó lè fi ra ilẹ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, àgbàdo, sóyà, wíìtì, òwú àti ìrẹsì ló ń kó èyí tó pọ̀ jù. Èso àti ẹ̀fọ́? Irè àkànṣe ni òfin wọn ń pè wọ́n, bí ẹni pé ọjọ́ ọdún nìkan lèèyàn ń jẹ ẹ̀fọ́.

Awakọ̀ katakata:

Oko ńlá ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ ìkórè fẹ́ kí gbogbo nǹkan ga bákan náà kó sì gbó lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà irú kan ṣoṣo la ń gbìn láti ẹnu ọ̀nà dé odò. Lọ́dún kan, àrùn ewé wọlé. Ìlà kan kò sàn ju ìkejì lọ, torí ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1970. Kí wọ́n má baà máa fi ọwọ́ já òdòdó akọ àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe háíbírìdì, wọ́n lo ìran kan tí òdòdó rẹ̀ kì í ní lẹ́búlẹ́bú, ìyẹn ìyẹ̀fun akọ tó ń mú ṣírí yọmọ. Ìran yẹn wọ nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo wọn. Àrùn ewé kan wá rí i pé ìran yẹn gan-an ni òun fẹ́ràn. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè orílẹ̀-èdè náà ló bá a lọ.

Ọ̀gá mi kò ṣubú. Ó ní adójútòfò oko, ìjọba ló sì ń bá a san apá kan nínú owó rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n ní héktà mẹ́rin mẹ́rin kò ní nǹkan kan. Wọ́n tà, ọ̀gá mi rà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo ń wa katakata kọjá lórí ibi tí ilé ìdáná ẹnì kan wà tẹ́lẹ̀.

Olùtọ́jú irúgbìn:

Ilé ìpamọ́ irúgbìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti gbọ́ nípa èyí tó wà nínú òkè yìnyín ní Svalbard, ní Nọ́wè, tí wọ́n ṣí ní 2008. Nígbà tí ogun Síríà kò jẹ́ kí ilé ìpamọ́ tó wà nítòsí Aleppo lè ṣiṣẹ́ mọ́, inú òkè yẹn ni wọ́n ti lọ kó ẹ̀dà irúgbìn wọn jáde ní 2015, wọ́n sì tún un gbìn ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn inú yìnyín ń sùn ni. Èyí tó wà lóko ń rí ọ̀dá tuntun, ó ń rí kòkòrò tuntun, ó sì ń yí padà pẹ̀lú wọn.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìbéèrè kan: ta ni bàbá yín máa ń fún ní irúgbìn? Àgbẹ̀ kì í dá irúgbìn pamọ́.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, ẹ jàre, n kò bá yín jiyàn. Tó bá jẹ́ ajílẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wá, tí wọ́n ní kí n fi gbin ohun tó wù mí, bóyá n kò ní kọ nǹkan kan níbí.

Olùtọ́jú irúgbìn, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Wọn kò gba ìrànwọ́ rí, torí wọn kò ní ìwé ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ṣe wí. Àgbàdo pupa wà lẹ́yìn ilé wọn, poro mẹ́rin. Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́fà o kò wá kí mi, àgbàdo lo wá gbà.” Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fún mi ní ṣírí méjì.

Olùtọ́jú irúgbìn:

Ẹ kú oríire! Ẹ má jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ padà lọ bẹ̀ wọ́n fún ṣírí mìíràn láti ara igi púpọ̀, torí ọmọ ṣírí méjì péré yóò rẹ̀ dànù bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bí aládùúgbò yín bá gbin háíbírìdì, ẹ jẹ́ kí tiyín fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí lẹ́búlẹ́bú wọn má baà pàdé.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Mo ti gbọ́. Àgbẹ̀ ẹlẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọ̀ ẹ̀wà yín? Ọ̀kan wà tó ń gun àgbàdo lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn fúnra wọn kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́wà:

Dúdú ni, ó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣáà ya àwòrán rẹ̀ fún mi.