Nikon D600 tó ní àmì dúdú nínú àwòrán: ṣé ó tó rà?

Ayàwòrán Wándó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà àlòkù méjì ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Èkíní ni Nikon D600 pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55. Rọ́bà ibi ìdìmú rẹ̀ ti wú, àwọn àmì dúdú róbótó sì máa ń yọ lókè lọ́wọ́ òsì nínú àwòrán. Èkejì ni Canon 600D, ara rẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ sì kéré sí ti Nikon. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti alẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ là wá lóye. Ṣé àmì yẹn tó ohun tí èèyàn fi ń sá fún kámẹ́rà?

Ọmọ Àkábà (Kétu)

Àmì yẹn ti lókìkí ṣáájú kí kámẹ́rà náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù kẹsàn-án 2012 ni Nikon gbé D600 jáde, kò sì pẹ́ tí àwọn tó rà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ṣọ́tà rẹ̀ (aṣọ inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé) ń ta epo àti eruku sára sẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba àwòrán). Ní oṣù kẹwàá 2013 wọ́n mú D610, èyí tó rọ́pò rẹ̀, jáde, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù nínú ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ṣọ́tà tuntun. Nígbà tó di 2014, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò fọ D600, àwọn yóò sì pààrọ̀ ṣọ́tà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tí ṣọ́tà rẹ̀ ti yí padà, àti èyí tó ṣì wà bó ṣe jáde. Ẹ béèrè ìwé, bí ìwé bá wà.

Àmọ́ ìwọ̀n ihò lẹ́ǹsì tí ẹ óò máa lò ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Bí ihò bá ṣí gbayawu, f/1.8 tàbí f/2.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó), igun púpọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, òjìji epo yẹn á tú ká, ojú ò ní rí i. Ní f/8 á máa yọ fẹ́ẹ́rẹ́. Ní f/16 á dúdú kirikiri. Ta ló fẹ́ pa ihò lẹ́ǹsì dé f/16 ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ò tó nǹkan: f/1.8, ṣọ́tà 1/160 ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹsẹ̀ oníjó má bàa di bàìbàì, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 3200 títí dé 6400. Ibẹ̀ gan-an ni D600 ti ń na 600D. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 36 sí 24, ti 600D jẹ́ 22,3 sí 14,9. Ní ISO 3200, ojú èèyàn nínú àwòrán 600D á ti rí bí ẹni da yanrìn sí i, ti D600 á ṣì mọ́.

Ọ̀sán ló le. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde sí gbangba, tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn ère orí wọn, f/8 ni èèyàn sábà máa ń lò, àmì á sì hàn lójú ọ̀run. Lightroom, ètò àtúnṣe àwòrán orí kọ̀ǹpútà, lè nu ojú kan náà nínú gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan, nítorí àmì náà kì í ṣípò. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí sórí aṣọ tó ní ọnà, ọwọ́ ló máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wákàtí yẹn kún owó kámẹ́rà.

Òkè Ṣábẹ̀ (Ṣábẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n Kétu ti sọ̀rọ̀ alẹ́. Níbí, òkè àpáta ni àwọn oníbàárà ń fẹ́ kó hàn kedere lẹ́yìn wọn, f/11 ni iṣẹ́ wa, kò síbi tí àmì yẹn máa sá sí. Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ má rà á. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bóyá epo ti dáwọ́ dúró tàbí ó ṣì ń jò.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ fi ISO sí 100, ihò sí f/16. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì sí ti ọwọ́, kí ẹ sì dà á rú pátápátá. Ẹ dojú kọ ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí ẹ máa mi kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ bí ṣọ́tà ṣe ń ṣí. Ìdọ̀tí ara ògiri á fà lọ títí á fi pòórá, èyí tó bá dúró gbọin, ara sẹ́ńsọ̀ ló wà. Ẹ ka iye àmì tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ya àwòrán 200 léraléra, ohun yòówù kó jẹ́, kí ẹ sì tún ìdánwò náà ṣe. Bí iye rẹ̀ kò bá yí padà, ìnù kan ló kù. Bí tuntun bá yọ, ṣọ́tà ṣì ń ta epo, ẹ ó sì máa nu ún lemọ́lemọ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ fẹ́ gbó òun ní kámẹ́rà, ẹ sọ fún un pé 150.000 ni Nikon dán ṣọ́tà yẹn wò dé, 200 ò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ní ti ìnù: afẹ́fẹ́ pọ́ńpù onírọ́bà ń mú eruku kúrò, kì í mú epo kúrò. Epo nílò igi ìnusẹ́ńsọ̀ àti omi rẹ̀. Igi tó fẹ̀ tó mílímítà 24 ni ti D600, 16 ni ti 600D. Ẹ gba iná sí bátìrì kó kún dẹ́múdẹ́mú kí ẹ tó gbé dígí tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀ sókè láti inú mẹ́nù, torí bí iná bá tán lójijì, dígí á já lu igi náà. Ẹ kọ́kọ́ dojú kámẹ́rà délẹ̀ kí ẹ fẹ́ ẹ, kí eruku líle má bàa ha ojú rẹ̀. Ẹ kán omi méjì péré sétí igi, ẹ fà á láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ yí ojú igi padà, ẹ fà á bọ̀. Ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á dé ibẹ̀. Ẹ má sì lo afẹ́fẹ́ inú agolo, ó máa ń tu omi tútù sára sẹ́ńsọ̀. Ẹ fi í sọ́kàn pé àmì tó wà *lókè* lọ́wọ́ òsì nínú àwòrán, *ìsàlẹ̀* lọ́wọ́ òsì ló wà bí ẹ bá dojú kọ sẹ́ńsọ̀.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣí ara kámẹ́rà lójú títì rárá. Eruku pupa títì wa máa ń wọ ibi tí ẹ ò rò.

Bàbá Alátùn-únṣe (Àjàṣẹ́)

Wándó, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ àmì, kò sẹ́ni tó wo lẹ́ǹsì tí wọ́n fẹ́ tà mọ́ ọn fún ọ. Lẹ́ǹsì 18-55 yẹn, fún kámẹ́rà oní-sẹ́ńsọ̀ kékeré ni Nikon ṣe é. Bí o bá fi sára D600, kámẹ́rà náà á gé etí àwòrán kúrò fúnra rẹ̀, megapíksẹ́lì 24 á sì di nǹkan bíi 10. O ti san owó sẹ́ńsọ̀ ńlá, ìdajì rẹ̀ lo kò tilẹ̀ ní lò. Sọ fún un pé kó yọ lẹ́ǹsì náà kúrò nínú owó. Wá 50mm f/1.8D, èyí tí kò ní mọ́tò nínú. Ó ń ṣiṣẹ́ lára D600 nítorí mọ́tò wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti 1.8G.

Àbùkù pín sí méjì lójú tèmi: èyí tó dúró sójú kan, àti èyí tó ń dàgbà. Rọ́bà tó wú, ooru àti òógùn ló fà á. Ṣí i, fi ọtí ìpakòkòrò nu gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, lẹ tuntun mọ́ ọn, ó tán. Ara tó ha, síkírìnì ẹ̀yìn tó ní ìlà, kò sí èyí tó ń pa àwòrán. Eruku mélòó kan nínú lẹ́ǹsì náà, má dá a lóhùn. Láti fi dín owó kù ni kí o máa lo gbogbo wọn.

Èyí tó ń dàgbà ni kí o sá fún. Àkọ́kọ́ ni lẹ́ǹsì tó ti bu bí búrẹ́dì. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀sà wà nítòsí, ọ̀rinrin pọ̀, lẹ́ǹsì tí wọ́n bá sì tì mọ́ inú àpò aláwọ nínú òkùnkùn á bu. Ṣí ihò rẹ̀ gbayawu, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, kí o wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Bí o bá rí okùn tín-ín-tín funfun tó ń ya ẹ̀ka, òun nìyẹn. Ó máa ń jẹ awọ tí wọ́n fi bo dígí, àwòrán á sì máa funfun bàìbàì bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjú sí i. Èyí tó wà lẹ́yìn burú ju ti iwájú lọ. Èkejì ni ìpata. Wo àwọn ìdè ìsàlẹ̀ kámẹ́rà àti irin ibi tí bátìrì ń jókòó sí. Bí o bá rí àwọ̀ ewé níbẹ̀, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí ó tilẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lónìí, dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ṣọ́tà tó ti ń ṣàárẹ̀. Ya àwòrán ògiri ní 1/4000 léraléra. Bí òkè tàbí ìsàlẹ̀ àwòrán kan bá ṣókùnkùn ju ìyókù lọ, aṣọ ṣọ́tà méjèèjì kò sáré bákan náà mọ́.

Ìyá Fọ́tò (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí wọ́n máa ń ta kámẹ́rà tó dáa ní ọ̀pọ̀ nítorí rẹ̀: «ó ń ya ojú dúdú». Kì í ṣe àbùkù. Ìyàwó tó wọ léèsì funfun ló tan kámẹ́rà jẹ. Ó rí funfun púpọ̀, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ìyàwó sì dúdú jù bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi +0,7 kún ìmọ́lẹ̀ náà, tàbí kí ẹ yí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sí ti ibi kékeré kan ṣoṣo (spot) kí ẹ fi wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tó pọ́n bí epo lábẹ́ gílóòbù: ìtò àwọ̀ funfun (white balance) ni kí ẹ tún ṣe. Èèyàn lè rí kámẹ́rà tó dáa rà ní ẹ̀dínwó báyìí.

Ayàwòrán Wándó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, 600D ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ tó mọ́ yẹn tó gbẹ́kẹ̀ lé?

Bàbá Alátùn-únṣe (Àjàṣẹ́)

Ara mímọ́ kò sọ iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Nikon máa ń kọ iye yẹn sínú gbogbo àwòrán tó bá yà, o lè gbé àwòrán kan lọ sórí kọ̀ǹpútà kí o kà á. Canon 600D kì í kọ ọ́ síbẹ̀. Ètò orí kọ̀ǹpútà àti wáyà USB lo máa fi bi kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà, ìdánwò 1/4000 tí mo sọ ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé.

Lẹ́ǹsì 18-55 ti Canon náà ní àrùn tirẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ tó ń ṣí ihò máa ń já nínú. Ní f/3.5 ó máa ń ya bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Fi ihò sí f/16 kí o yà. Bí kámẹ́rà bá kọ àṣìṣe Err 01 jáde, kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn irin wúrà tó wà láàrin lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Bí ó bá tún jáde ní f/16 nìkan, wáyà yẹn ni. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ rárá, nítorí f/3.5 ló máa ń lò nínú ilé.

Fún àwòrán ìsọmọlórúkọ tí wọ́n máa tẹ̀, megapíksẹ́lì 18 rẹ̀ pọ̀ tó: sẹ̀ntímítà 44 sí 29 ní 300 dpi (iye àmì nínú ínṣì kan). Fídíò ni kó o ṣọ́ra fún. Bí fáìlì bá dé 4 GB, 600D á dá gbígbà dúró, nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 sì ni ìyẹn ní 1080p. Bí wọ́n bá ń so yìgì lọ́wọ́, o gbọ́dọ̀ fi ojú sí aago. Kò sì lè máa tẹ̀lé ojú èèyàn pẹ̀lú fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bí fídíò bá ń lọ. Àyè káàdì kan ló ní, D600 ní méjì, o lè ní kó kọ àwòrán kan náà sínú méjèèjì. Fún ìgbéyàwó, èyí wúwo lójú mi ju gbogbo àmì dúdú lọ. Àmì ṣe é nù, ìgbéyàwó ò ṣe é tún ṣe.

Ọmọ Àkábà (Kétu)

Òótọ́ ni Bàbá sọ. D600 náà kò pé lórí fídíò o: bí àwòrán bá ti wà lójú síkírìnì ẹ̀yìn (live view), ihò lẹ́ǹsì kò ṣe é yí, àyàfi kí ẹ jáde kí ẹ tún wọlé. Lẹ́ǹsì 1.8D tó ní òrùka ihò lára lè yanjú ìyẹn, bí ẹ bá yí i sí ti òrùka nínú mẹ́nù. Bí gílóòbù LED bá sì ń mú kí ìlà dúdú máa rìn lójú fídíò, kì í ṣe kámẹ́rà. Iná wa 50 hertz ni; ẹ fi ṣọ́tà sí 1/50 tàbí 1/100. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò dúró sójú kan ni wọ́n ń lò, ìlà lè máa rìn síbẹ̀.

Ayàwòrán Wándó (Àjàṣẹ́)

Ó ní 180.000 sẹ́fà lòun fẹ́ gbà lórí D600 àti lẹ́ǹsì rẹ̀.

Bàbá Alátùn-únṣe (Àjàṣẹ́)

Má tíì dáhùn iye yẹn. Wọ mẹ́nù, wá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bátìrì sí: EN-EL15 máa ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ láti 0 dé 4. Bí ó bá jẹ́ 3 tàbí 4, kọ owó bátìrì tuntun sílẹ̀. Kọ owó igi ìnusẹ́ńsọ̀ àti rọ́bà sí i. Kọ iye tí wọ́n ń ta 18-55 nìkan sí i pẹ̀lú, torí ìwọ ò ní lò ó. Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú 180.000, iye tó bá kù ni kí o fi lọ̀ ọ́. Fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà wé èyí tó wà nínú àwòrán tó yà. Bí wọn ò bá bára mu, ẹnì kan ti pààrọ̀ nǹkan níbì kan. Lẹ́yìn náà ṣe ìdánwò àmì tí Ṣábẹ̀ sọ, ṣáájú àti lẹ́yìn 200. Bí àmì kò bá pọ̀ sí i, mú D600. Bí ó bá pọ̀ sí i, tí iṣẹ́ ọ̀sán sì pọ̀ ju ti alẹ́ lọ lọ́wọ́ rẹ, mú 600D kí o fi owó tó kù ra 50mm f/1.8 ti Canon, èyí tí wọ́n kọ STM sí lára, torí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin, ti II tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ike.