Àbúrò mi ń po chlorine sómi ìlú, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ kan. Ọ̀gá rẹ̀ kàn fi ike chlorine oníyẹ̀fun, èyí tó ń pa kòkòrò inú omi, hàn án, ó ní kó máa fi agolo wọ̀n ọ́n. Álọ́ọ̀mù tó ń mú kí ìdọ̀tí inú omi rọlẹ̀ náà, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, òjò ì báà rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ì báà dá. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìbòmú. Lọ́jọ́sí ó délé, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó ń wúkọ́. Omi ló bù lé ìyẹ̀fun náà lórí, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun ló yẹ kéèyàn máa dà sínú omi.

Ẹ̀rù àwa tá à ń mu omi yẹn tún ń bà mí. Ní Walkerton ní Kánádà, lọ́dún 2000, kòkòrò àìsàn wọnú omi ìlú, èèyàn 7 kú, àwọn tó ju 2,000 lọ ṣàìsàn. Àwọn tó ń bójú tó omi ìlú náà ò gba ẹ̀kọ́ tó yẹ. Wọn kì í wọn chlorine inú omi lójoojúmọ́, iye tó wù wọ́n ni wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Mo mọ̀ pé National Water Resources Institute ń kọ́ òṣìṣẹ́ omi ní Kàdúná, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà sí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ibo nítòsí ló ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dán álọ́ọ̀mù wò nínú ife kí wọ́n tó dà á sómi, àti bí wọ́n ṣe ń wọn chlorine lẹ́nu ẹ̀rọ? Báwo ló sì ṣe máa bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi?