Yàrá tí mo fi kún ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó wa mọ́lé: ẹ wá sọ tiyín

Onílé Ẹ̀yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí mo fi yàrá méjì àti ilé ìdáná kún ẹ̀yìn ilé mi, mo jókòó pẹ̀lú bíríkìlà, mo jókòó pẹ̀lú káfíńtà. A jọ ka búlọ́ọ̀kù, a jọ wọn fèrèsé. Oníwáyà nìkan ni mi ò bá jókòó. Ọjọ́ tó dé, ó wo ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ yìí la ó ti fà á." Inú mi dùn, nítorí owó wáyà dín kù.

Wáyà 2.5 (ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó, ní mm²) ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, bírékà 20 áḿpù ló ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó jẹ́ gílóòbù àti fáànù nìkan là ń tàn, kò sí ìjà, kò sí ìta. Ọjọ́ tí ìyàwó mi kó ẹrù wọ ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Kẹ́tùlù 2,200 wáàtì, sítóòfù oníná 2,000, áyọ́ọ̀nù 2,000, ẹ̀rọ amúlétutù bíi 1,000. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ ó rí 7,200. Ẹ fi volt 230, agbára iná tó ń wọlé, pín in, áḿpù 31 ni. Àràárọ̀ ni bírékà ń bọ́ sílẹ̀.

Mo pe oníwáyà padà. Ó yọ 20, ó fi 32 sí i. Bírékà dákẹ́. Mo tún fún un lówó ọpẹ́!

Kò pé oṣù kan tí òórùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn àga pálọ̀, bí ìgbà tí ike bá sún mọ́ iná. Nígbà tí a tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, èèpo wáyà ti gan, bí a ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń rún. Wáyà 2.5 tó wà nínú páípù inú ògiri, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí áḿpù 24 lọ. Bírékà 20 yẹn ló ń pariwo fún wa, àwa la dí i lẹ́nu. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe kẹ́tùlù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kó má jẹ́ èmi nìkan ni mo gọ̀.

Màmá Ìbejì

Bọ̀dá, ẹ kò dá nìkan wà. Tiwa kò jóná, òkùnkùn ló fi bá wa jà. Nígbà tí a kọ́ yàrá tiwa, a ra RCD, bírékà tó máa ń já bí iná bá ń jò, oní 30 milliamp. Bí mo bá ti tan gílóòbù yàrá tuntun báyìí, pàà! Gbogbo yàrá tuntun á ṣókùnkùn. Oníwáyà kìíní ní gílóòbù ni kò dáa. Ìkejì pààrọ̀ RCD fúnra rẹ̀, owó wọlé, òkùnkùn kò lọ. Ọmọkùnrin kékeré kan ló gun àjà lọ wò ó. Wọ́n ti fa láífù gílóòbù náà, wáyà tó ń gbé iná wá, láti láìnì tuntun, ṣùgbọ́n níútírà rẹ̀, wáyà tó ń dá iná padà, inú ti yàrá àtijọ́ ni wọ́n so ó mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ wọn.

RCD ń wo èyí tó jáde àti èyí tó padà. Èyí tó bá jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà, ó gbà pé iná ti ń gbé ẹnì kan nìyẹn. Ọmọ náà ní ohun tó tún burú ju òkùnkùn ni pé ẹnì kan lè pa bírékà láìnì kan, kó tú níútírà rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kí iná láìnì kejì gbé e níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà nílé mi, màá ti sọ fún un: láìnì kọ̀ọ̀kan, níútírà tirẹ̀.

Aláròóyè

Fọ́tò! Ẹ ya fọ́tò ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì na téèpù ìwọ̀n sí i kó hàn. Mo fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́, ẹnu dírìlì mi bá wáyà pàdé. Mo ṣì wà láàyè, mo dúpẹ́.

Oníwáyà Àgbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń bú wa, ẹ rọra. Ẹni tó fi 32 sórí 2.5 yẹn, mi ò gbè é, ó yẹ kí wọ́n gba tẹ́sítà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin onílé náà, ìgbà tí ẹ bá ti rẹ́ ògiri tán lẹ tó ń pè wá!

Ṣọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ ń mú lọ́wọ́. Màá ní kí onílé rìn nínú yàrá òfìfo: ibo lẹ máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí? Apá ibo ni ilẹ̀kùn máa ṣí sí? Màá wá wo wáyà ńlá tó wọlé, bóyá ó lè gbé ẹrù tuntun, nítorí bí ìyẹn kò bá tó, asán ni gbogbo ìyókù. Lẹ́yìn ìyẹn ni bébà, tí màá ya àwọn láìnì sí. Gílóòbù ní láìnì tirẹ̀, wáyà 1.5, bírékà 10. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, 2.5 pẹ̀lú 20. Sítóòfù ńlá kì í bá ẹnikẹ́ni pín, wáyà 6 ni mo ń fún un, bírékà 32. Ẹ̀rọ amúlétutù dá wà. Pọ́ǹpù omi náà dá wà, nítorí pé ohun tó ń fà nígbà tó bá ń gbéra jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà tó bá ti ń yí. Wáyà ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ó.

Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Bí ilé ẹ̀yìn bá jìnnà ní mítà 40, tí ẹ fi 2.5 fa áḿpù 15 débẹ̀, nǹkan bí volt 11 á ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ wáyà 6, kò ní tó 5.

Onílé Ẹ̀yìn

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí mo padà ṣe nìyẹn: wáyà 10 láti ojú iná ńlá pẹ̀lú bírékà 40 tirẹ̀, bọ́ọ̀dù kékeré ní ẹ̀yìn, láìnì mẹ́fà, àyè méjì ṣófo. Ògiri tí mo ti kùn ni mo tún fọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn, mo dìde lọ wo yàrá kejì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni súíìṣì wà.

Oníwáyà Àgbà

Ẹ má fọwọ́ kan ògiri mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ilẹ̀kùn sí apá kejì. Káfíńtà lẹ ṣáà bá jókòó.