Ègé Aṣọ, Abẹ́rẹ́ àti Eku Ọ̀sìn: Ẹ Sọ Ohun Tí Ẹ Ti Rí

Ẹni tó ní máṣíìnì ìránṣọ nílé, tó sì ń sin eku, kò nílò láti máa ra ibùsùn àsokọ́, aṣọ tí à ń so sínú kéèjì kí eku máa sùn lé e, ní ṣọ́ọ̀bù. Ègé fulísì (aṣọ rírọ̀ onírun wẹ́wẹ́) tó ṣẹ́ kù lára bùláńkẹ́ẹ̀tì ti tó. Ṣùgbọ́n irú aṣọ tí ẹ bá lò ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe mọ aṣọ rán lọ, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Fulísì ló dára jù, torí etí rẹ̀ kì í tú. Ankárá dára, àmọ́ etí tirẹ̀ máa ń tú, òwú tó tú jáde yẹn gan-an ni wàhálà. Ó máa ń lọ́ mọ́ ìka ẹsẹ̀ eku, eku á fà á, òwú á fún ìka pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè débẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìka ti wú. Bí ẹ bá fẹ́ lo ankárá, kí gbogbo etí rẹ̀ wọ inú lọ, kí òwú kankan má yọjú. Léèsì ńkọ́? Rárá o. Gbogbo ihò ara léèsì, ìdẹkùn ìka ni. Aṣọ òkè tó ní ṣáín-ṣáín náà kò yẹ, torí ike ni òwú dídán yẹn, kì í dà nínú ikùn, eku kò sì lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, àfi kó gba ìsàlẹ̀ jáde. Ní ti àdìrẹ tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, nítorí sódà inú aró.

Ó yá, ẹ gé fulísì kan àti ankárá kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 ní òró àti ìbú. Ẹ kọ ojú wọn síra, kí ẹ̀yìn wọn wà níta. Ẹ rán an yíká ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí etí, àmọ́ ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 8 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù kí ó má baà ki jù, kí ẹ tó yí aṣọ náà síta láti ojú àyè yẹn. Ẹ tún wá rán an yíká lẹ́ẹ̀kejì, ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí etí. Ìlà kejì yìí ló ń dí àyè yẹn pa, òun náà ni kì í jẹ́ kí eku rí àárín aṣọ méjèèjì wọ̀ lọ.

Igun ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Eku kì í sábà fò sí àárín ibùsùn, igun ló ń gbà gùn ún, ibẹ̀ náà ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ ń kàn. Ẹ rán ègé fulísì onígun mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 6, mọ́ igun kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi òòlù lu ojú irin mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń lù mọ́ kọ́tìnì, mílímítà 11. Bí kò bá sí ojú irin, ẹ ká ríbọ́ọ̀nù sí méjì kí ẹ rán an mọ́ igun, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ojú okùn tó bá gba orí eku máa gba ọrùn rẹ̀. Ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń kọ́ kọ́tìnì balùwẹ̀ ni kí ẹ fi so ó mọ́ kéèjì, kí àárín rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Bó bá le gbagidi bí awọ gángan, wọn ò ní sùn lé e. Bó bá sì rọ̀ jù, eku mẹ́ta á kó jọ sísàlẹ̀ bí iṣu inú àpò, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á máa ké.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣá: kí ló dé tí wọ́n fi máa ń tọ̀ sórí ibùsùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí gbogbo rẹ̀ á rùn ju ti àná lọ?

* * *

Òórùn ara wọn tí ẹ fọ̀ kúrò ni wọ́n ń dá padà. Eku ń fi ìtọ̀ kọ orúkọ sára ohun tó jẹ́ tirẹ̀, akọ pàápàá. Bí ẹ bá kó gbogbo aṣọ inú kéèjì fọ̀ lọ́jọ́ kan náà, lójú wọn ilé àjèjì ni wọ́n bá ara wọn. Ẹ rán ibùsùn mẹ́rin, kí ẹ máa pààrọ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí méjì yòókù dúró síbẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi oje tó ń mú aṣọ rọ̀ sí fulísì, kì í jẹ́ kó fa omi mọ́, ìtọ̀ á kàn dúró lójú rẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n fi ti kíróṣéè kún un. Kíróṣéè tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kò yàtọ̀ sí léèsì tí ẹ̀gbọ́n bá wí. Ẹ pa òwú kọ́tọ́ọ̀nù méjì pọ̀, kí ẹ fi ìkọ́ mílímítà 4 hun ún, síńgù (ojú híhun kúkúrú) nìkan, kò sí dọ́bù (ojú híhun gígùn) níbẹ̀. Tí ẹnu bírò bá lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ tú u. Fún agbọ̀n ìsùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú 6, kí ẹ máa fi 6 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé 96. Ìdí rẹ̀ á tó bíi sẹ̀ǹtímítà 17, ó gba eku méjì dáadáa. Láti ibẹ̀ ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́, ẹ máa hun ún lọ sókè ní ìyípo 16. Òwú ìparí, ẹ tọ́ ọ wọ inú tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ìrù òwú kúkúrú tó bá yọ síta ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tú gbogbo iṣẹ́ yín. Ẹ má lo òwú àkírílíìkì, ike ni.

Ká sọ òótọ́, kíróṣéè yìí, ẹni tó ń hun ún ló ń gbádùn rẹ̀ ju eku lọ. Eyín iwájú wọn kò yé hù títí wọ́n á fi kú, kò sí bí wọn ò ṣe ní gé nǹkan. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá ń dùn jù, kó hun ún fún tábìlì.

* * *

Ohun tí eku fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ni kó máa walẹ̀. Ẹ wá abọ́ ike ńlá, sẹ̀ǹtímítà 40 sí 30, kí ó ga tó 25. Ẹ ra búlọ́ọ̀kù èèpo àgbọn tí àwọn tó ń gbin òdòdó ń lò, gíráàmù 650, méjì. Ẹ rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi lítà 3, á wú, ẹ fọ́ ọ sínú abọ́ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹ fún un lọ́wọ́: bí omi bá kán, ó ti tutù jù. Èyí tó tutù jù máa ń bu, kòkòrò wẹ́wẹ́ á sì máa fò yí abọ́ ká. Ẹ gbin jéró, ọkà bàbà tàbí àlìkámà sí i, á yọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fi ẹ̀wà tútù sí i, májèlé wà nínú ẹ̀wà tí a kò sè. Ilẹ̀ tí ajílẹ̀ wà nínú rẹ̀ náà kò dára.

Ilé bébà rọrùn: ìyẹ̀fun àlìkámà ife 1, omi ife 2, ìwé ìròyìn tí ẹ ya ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàlúù tí ẹ ti fẹ́. Ìpele mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó lé òmíràn lé e. Bó bá gbẹ tán, ẹ bẹ́ bàlúù, kí ẹ yọ gbogbo rọ́bà rẹ̀ kúrò, ẹ gé ẹnu ọ̀nà sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹni tó bá kánjú tí inú rẹ̀ kò gbẹ, ọ̀la ló máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Ohun tí a ṣe é fún nìyẹn.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo gúlúù àti ọ̀dà, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀dọ̀fóró ni ibi tí ara eku ti kù díẹ̀ káàtó. Èyí tó pọ̀ jù nínú eku ọ̀sìn ló ní kòkòrò Mycoplasma pulmonis nínú èémí, ìyá wọn ló ń kó o ràn wọ́n. Ó lè dákẹ́ síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Àmọ́ ọ̀dà fínfín, fáníìṣì, èékánná tí ẹ ń kùn nítòsí kéèjì, àti ìtọ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ kó gba inú kéèjì kan, á jí i. Eku á máa sín, àyà rẹ̀ á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, nǹkan pupa á yí imú àti ojú rẹ̀ ká. Nǹkan pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ kan, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn ojú, ló ń tú u jáde, bó bá sì pọ̀, dókítà ẹranko ló kàn. Iṣẹ́ ọ̀dà, ìta ni, kí ó sì fẹ́ atẹ́gùn fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ kéèjì. Ìfáfá igi páìnì àti sídà tí wọ́n ń tẹ́ sínú kéèjì kò dára fún wọn rárá.

Pínnì ìránṣọ: bí ẹ bá yọ 12, kí ẹ ka 12 padà sínú agolo kí eku tó jáde wá ṣeré. Kí ẹ sì yọ wáyà máṣíìnì kúrò lára iná.

Ó kù díẹ̀. Ní ìgbà ooru ní Lọ́ńdọ̀nù, bí yàrá bá kọjá 30°C, ewu ti dé, torí eku kì í làágùn, ìrù rẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde. Ẹ fi omi dídì sínú ìgò ike kékeré, kí ẹ rán àpò fulísì fún un, sẹ̀ǹtímítà 25 sí 12. Bí kò bá ní àpò, òtútù á jó wọn lára, wọ́n á sì gé ike náà.

* * *

Sí àwọn tó ń kà á nílé, ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìbàdàn: ẹ má ṣe torí ọ̀rọ̀ yìí mú ọmọ eku láti àjà tàbí oko wá sin. Eku Mastomys natalensis ló ń gbé ibà Lásà, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló wà, Ìpínlẹ̀ Òǹdó sì wà lára ibi tó ti ń pọ̀ jù. Eku tí à ń sọ níbí, Rattus norvegicus tí wọ́n ti ń bí lọ́wọ́ èèyàn láti ìran dé ìran ni. Ní 1901 ni Mary Douglas, obìnrin kan tó ń sin eku, ti mú kí wọ́n gbà wọ́n sí ìdíje àfihàn ẹranko ní Aylesbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, National Fancy Rat Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin eku, sì bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sìn ín dáadáa ni kí ẹ ti gbà á. Kì í gbé lóun nìkan, ó kéré tán méjì, akọ pẹ̀lú akọ tàbí abo pẹ̀lú abo. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, ní ọjọ́ 21 sí 23, ó lè ka ọmọ mẹ́wàá.

* * *

Bí àwọn ọmọdé bá fẹ́ kí eku ya àwòrán: omi ẹ̀fọ́ bíítírúùtù tàbí àwọ̀ inú oúnjẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ dà á sórí àwo pẹrẹsẹ, kí ó má jìn ju èyí tó máa rin àtẹ́lẹsẹ̀ eku lọ. Ẹ tẹ́ bébà tó nípọn sílẹ̀, kí ẹ fi ègé ẹ̀pà díẹ̀ sí òdìkejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ wọn, ẹ nù wọ́n gbẹ. Ẹsẹ̀ iwájú ní ìka mẹ́rin, ti ẹ̀yìn márùn-ún, wọ́n á hàn kedere bí àwọ̀ kò bá pọ̀. Bó bá pọ̀, kìkì ìlà ìrù ni ẹ máa rí.