Sítóòfù onígi tó ń lọ́ra gbóná: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ará Jos tó ké gbàjarè nìyí, pé sítóòfù onígi àtijọ́ tí a bá nínú ilé ń gbà tó wákàtí 2 kó tó mú ilé móoru nínú ọyẹ́ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n yọ páìpù èéfín wò, ẹ ṣeun gan-an. Bí mo ṣe gbá a nílẹ̀, èépá dúdú tó ń dán bí ọ̀dà ló ń já bọ́. Ihò tó kù kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Mo ha á mọ́, mo kó eérú tó dí ojú afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi gan-an ni ọ̀daràn: tútù ni wọ́n ń tà fún mi! Ẹ gbá ẹ̀là igi méjì pọ̀ kẹ́ ẹ gbọ́. Gbígbẹ á dún kó, tútù á dún bọ̀. Lánàá tí mo fi igi gbígbẹ dá a, kò tó ìṣẹ́jú 30 táwọn ọmọ fi bọ́ súwẹ́tà.