Antibody tí kò mọ eku

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù. Ẹni tó bá fẹ́ ra antibody (puròtéènì tó ń dá nǹkan kan pàtó mọ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn) láìpẹ́, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ní Àkúrẹ́ ni mo ti ṣe máàstà mi. Ewúro ni mo ń yẹ̀ wò, bóyá ó lè mú kí ara wíwú rọlẹ̀. A gún carrageenan, èròjà kan tó ń mú ara wú, sí àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn eku, ẹsẹ̀ wọn wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ó wá ku ká wọn IL-6 inú ẹ̀jẹ̀ wọn, puròtéènì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ta ara wọn lólobó pé ogun ti wọ̀lú. ELISA la fi ṣe é: antibody kan wà nísàlẹ̀ ihò plate (àwo oníhò kéékèèké) tó ń di IL-6 mú, èkejì á lẹ̀ mọ́ ọn lókè, enzyme ara ìyẹn ló ń sọ TMB, omi tí kò láwọ̀, di búlúù.

Standard, ìyẹn IL-6 tá a ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbé búlúù jáde, látorí èyí tó ki dórí èyí tó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́. Ihò àwọn eku ńkọ́? Omi lásán. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń jó, ó ní ewúro ti pa IL-6 run! Bàbá tẹnọ́lọ́jísì wa kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó na bírò sí ìlà kan: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, àwọn eku tẹ́ ẹ ò fún ní ewé dà?”

Àwọn náà mọ́ gaara. Ẹsẹ̀ wú, kò mu ewé, IL-6 sì jẹ́ òdo? Gbogbo wa pa lọ́lọ́.

Bàbá ní kí n gbé páálí antibody náà wá. “Rat” ló wà lára rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi rà á. Àmọ́ bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi èékánná họ ọ́, “Human” yọjú. Mo pe ẹni tó tà á fún wa ní Èkó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n.” Irọ́ ni! IL-6 eku jìnnà sí tèèyàn gan-an, antibody tí wọ́n ṣe fún tèèyàn kì í sábà dá ti eku mọ̀. Standard inú páálí yẹn, tèèyàn ni. Ìdí tó fi búlúù nìyẹn. Ìgbà tí Prof fúnra wọn pè é ló tó dá ìdajì owó padà.

Nígbà tí ti eku gan-an dé, àwọn tí kò mu ewé búlúù dáadáa. Àwọn tó mu ewúro kàn fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

— Ẹ kú ìfaradà o. Ní Oǹdó níbí, odidi plate ni kò búlúù, títí kan standard. Ẹnì kan ló da sodium azide sínú buffer (omi tá a fi ń ṣe ELISA) kó má bàa bàjẹ́. Azide ọ̀hún ló ń dá HRP dúró, HRP sì ni enzyme tó ń mú àwọ̀ jáde. Ẹ máa béèrè ẹni tó po buffer yín.

— Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe gbé antibody yín láti Èkó dé Àkúrẹ́ tí kò fi bàjẹ́?

— Kúlà àti ice pack ni, ọkọ̀ ìdájí. Ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà jù ú sí búùtù, ẹ gbé e sẹ́sẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń gbé fìríìsà, ẹ kọ́kọ́ pín in sínú ìgò kéékèèké, torí kó dì, kó yọ́, kó tún dì ló ń bà á jẹ́.